Àgbàdo Abẹ́ Ilé

Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ni Mùnírù kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyókù ara obìnrin náà wà lábẹ́ ilé. Ọyẹ́ ti bo gbogbo Ayétòrò, èèyàn ò lè rí òrùlé ilé kejì dáadáa, Mùnírù sì fi aṣọ ìbora borí jáde sẹ́yìnkùlé pé kí òun lọ tọ̀, kí òun tún padà sórí ẹní. Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ náà bó ṣe ń ta pìtìpìtì bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò.

"Mẹ̀dínátù!"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Toyibat," ni ohùn kan dáhùn láti inú ihò. "Ẹ bá mi ti kẹ́ẹ̀gì kan síbí."

"Kẹ́ẹ̀gì wo?"

Ìgbà yẹn ló tó wẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè ló tò lọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí igi máńgòrò, ọgọ́ta géérégé, gbogbo wọn kún fún àgbàdo dé ọrùn. Toyibat ọmọ wọn jókòó sáàárín wọn, àbẹ́là tó ń jó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kán an sí etí ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Ó kí bàbá rẹ̀ láìgbójú sókè. Ẹ̀rín ló ń pa ọmọ náà, ó sì ń wá ọ̀nà tí kò fi ní hàn.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ àdúgbò wọn. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, iwájú wọn fìdí lé ilẹ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ga sókè lórí ìpìlẹ̀, ihò ńlá kan sì wà lábẹ́ wọn tí àgbàlagbà lè lóṣòó sí. Nígbà tí bàbá Mùnírù ń kọ́ ilé, kò lówó yẹ̀pẹ̀ tó máa fi dí i, ló bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aládùúgbò ṣe fi tiwọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀, adìyẹ ló ń yé síbẹ̀, táyà tó ti kú àti kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́ ló ń gbébẹ̀, pẹ̀lú gbogbo nǹkan tí ojú ń ti èèyàn láti jù nù.

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni Mẹ̀dínátù àti Toyibat fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n kó táyà, wọ́n gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n to búlọ́ọ̀kù, wọ́n tẹ́ pákó lé e kí ohunkóhun má fara kan ilẹ̀. Bíríkìlà dá ojú afẹ́fẹ́ sí i lọ́nà méjì, ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eku. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe é, Mùnírù rò pé ilé ewúrẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Kò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni.

"Àgbàdo tí mo ti ní kí Abọ́dúnrìn wá kó lónìí lo dà sínú kẹ́ẹ̀gì?" Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. "Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí! Mo ti ṣèlérí fún un!"

Mẹ̀dínátù fà sẹ́yìn, ó jáde tìdítìdí. Okùn aláǹtakùn ti dé e lórí bíi gèlè.

"Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí. Àgbàdo ò bá ẹnikẹ́ni ṣèlérí."

"Kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Ẹ ní a ò tà."

Háà! Bí ẹni pé ó ní kí Mùnírù fò dé Kútọnu ni. Mùnírù lè kọ ebè lójúmọ́ kan tí ọ̀dọ́ méjì ò lè kọ, ó lè gbé àpò àgbàdo láti oko dé títì láìsọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé rárá lójú ọmọ aráyé. Ọkùnrin kan wá polówó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní àdúgbò wọn lọ́jọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí òógùn fi bò ó, àánú ṣe Mùnírù, ó ra mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà nílé.

"Ẹ jókòó, kí n bi yín ní nǹkan kan," ni Mẹ̀dínátù wí. Kò pariwo. Ó gbọn eruku kúrò lápá. "Lóṣù karùn-ún tó kọjá, ìyá yín ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ní wọ́n ń wá láádá. Ṣé láádá ni wọ́n ń wá?"

Ìyá Mùnírù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí àga kékeré ní fàràndá ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ ra ọ̀rúnkún. Ìyá náà wo ojú sánmà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án.

Ohun tó ń bí Mẹ̀dínátù nínú nìyẹn, ó sì yẹ kó máa bí gbogbo ayé nínú. Lọ́dọọdún, bí àgbàdo bá ti gbẹ tán, ọkọ̀ Abọ́dúnrìn alágbàtà á dé. Iye tó bá pè ni iye. Ta ló máa bá a jiyàn? Bí wọ́n bá kó o sínú yàrá, àwọn ọmọ á máa sùn lórí àpò, eku á jẹ ìdí rẹ̀, kòkòrò á jẹ inú rẹ̀, títí tó máa fi di ìyẹ̀fun lásán kó tó di oṣù kejì. Wọ́n á tà á. Wọ́n á ṣọdún. Bó bá wá di ìgbà òjò, tí oko ṣì wà ní tútù, àwọn kan náà á gbé kóńgò lọ sọ́jà lọ ra àgbàdo ara wọn ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó gbìn ín ni ebi ń pa!

"Mo ti gbọ́," ni Mùnírù sọ nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí."

"Ẹ jẹ́ kó máa tì yín. Ẹ bá mi ti kẹ́ẹ̀gì."

Ó tì í. Kí ló tún kù tó lè ṣe?

Kò tíì ti kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi fi yọrí lókè ọgbà. Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyá Gbọ́lá, ni wọ́n jọ pààlà, ilé tiẹ̀ náà sì nàró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà. Àpò àgbàdo mẹ́rin ló wà ní fàràndá tirẹ̀, ó ti rán ẹnu wọn, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo ihò. Ó wo Mùnírù tó ń fi ìkúnlẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ilé. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ní ẹkùn ẹnubodè tiwa níbí, bí èèyàn bá rí kẹ́ẹ̀gì tó tò lọ báyìí láàárọ̀ kùtù, nǹkan kan ṣoṣo ló máa wá sí i lọ́kàn.

"Bàbá Toyibat!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìrẹ̀sílẹ̀ tí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ni. "Fàyàwọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Fàyàwọ́ kẹ̀?"

"Bẹntiróòlù lẹ kó sábẹ́ ilé? Lábẹ́ ibi tí ìyá yín ń sùn?"

Mẹ̀dínátù bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Gbọ́lá, àgbàdo ni o. Ẹ kó tiyín náà wá, àyè ṣì kù rẹpẹtẹ. Ẹ má wulẹ̀ tà á."

"Àgbàdo!" Ọ̀ṣúnkẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọn ò lè tàn jẹ. "Àgbàdo náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìlárá pè é fún gbogbo wa, àfi ọjọ́ tí òrùlé rẹ̀ gbéra. Mi ò ní kó nǹkankan wá o. Mi ò fẹ́ jóná."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó."

"Kí n fọwọ́ kan kín ni? Ṣé mo ya wèrè ni?" Ó fa ìkòkò omi kan sún mọ́ ẹ̀yìn ilé tirẹ̀ nítorí iná, ó tún fa ìkejì, ó wọlé, ó ti fèrèsé gbọn-in.

Ṣé ó wá tán síbẹ̀? Kó tó di agogo mẹ́sàn-án, ọlọ́kadà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí Mẹ̀dínátù. Ó ní Ihunbo lòun ti wá sùn sí Ayétòrò, wọ́n sọ fún òun níbi ìdúró ọkọ̀ pé ẹni kan ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Lítà márùn-ún péré lòun ń wá. Mẹ̀dínátù ní kó gbé ohun tó máa gbà á sí wá. Ọkùnrin náà yọ ike kan, Mẹ̀dínátù bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo méjì dà sí i. Ó wo inú ike, ó wo ojú Mẹ̀dínátù, ó tún wo inú ike.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun nìyẹn. Ẹ sè é dáadáa."

Toyibat ti dọ̀bálẹ̀ sídìí máńgòrò, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Ìyá Àgbà alára ń rẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé ẹnu tí kò léyín mọ́ hàn kedere. Mùnírù nìkan ni inú rẹ̀ ò rọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dún lójú títì ló ń na ọrùn wo ọ̀nà.

Kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá ló kù níta nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà. Gbogbo ọmọ Ayétòrò ló mọ fèrè Abọ́dúnrìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fọn ọ́n, gígùn kan, kúkúrú méjì, bí ẹni tó ń pe adìyẹ wá jẹun. Mùnírù nàró. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wo ọ̀nà oko. Ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan. Kí wọ́n tó bi í pé kí ni, ó ti dojú délẹ̀, ó ti forí wọ abẹ́ ilé, ìdí rẹ̀ há díẹ̀, ó fún ara mọ́ra, ó bá wọlé. Kó tó pẹ́, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù níta.

Mẹ̀dínátù mú bàtà náà, ó jù ú sí i.

Abọ́dúnrìn kì í ṣe èèyàn burúkú lójú. Ó sanra, ó mọ́, ó máa ń kí èèyàn títí kan ewúrẹ́. Ó fi dírẹ́bà àti àwọn alábàárù rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì kí wọ́n máa kó ti àwọn aládùúgbò, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá sẹ́yìnkùlé tààrà.

"Màmá wa! Ẹ kú ọyẹ́ o! Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Ó jáde," ni Ìyá Àgbà wí. Kò purọ́ púpọ̀.

"Kò burú, màá dúró dè é." Ó fa àga kan, ó jókòó sí fàràndá ẹ̀yìn, gangan lókè orí Mùnírù. Mẹ̀dínátù wọ ilé ìdáná, ó bu ẹ̀gbo àti ẹ̀wà fún un, nítorí àlejò ni àlejò ń jẹ́, ó sì padà sídìí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkankan.

Nísàlẹ̀, Mùnírù dùbúlẹ̀ lórí pákó. Adìyẹ kan tó kọ̀ láti ṣí kúrò ń sàba nítòsí etí rẹ̀, ó ń kùn sí i. Ó kọ́kọ́ rò pé ooru máa pa òun, ṣùgbọ́n ibẹ̀ tutù. Atẹ́gùn ń gba ojú kan wọlé, ó ń gba ojú kejì jáde. Ilẹ̀ gbẹ ṣáṣá. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ríran, ó rí àgbàdo náà bó ṣe tò lọ nínú òkùnkùn, ìlà lórí ìlà, ó sì ṣe é bákan. Ogún ọdún ó lé ló ti ń dáko. Kò rí i rí kí gbogbo ohun tó gbìn lọ́dún kan jókòó sójú kan lábẹ́ òrùlé òun. Tipátipá ló fi mú ọwọ́ kúrò lára kẹ́ẹ̀gì tó sún mọ́ ọn jù. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé inú òun dùn.

Fóònù Abọ́dúnrìn dún lókè. Ó kẹ̀yìn sí Ìyá Àgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ-ẹn. Ó ti ń kún. Ayétòrò ni mo wà." Ó ń jẹun lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Rárá o, wọn ò ṣòro rárá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọn ò níbi tí wọ́n máa kó o sí. Iye tí mo bá sọ, wọ́n á gbà, wọ́n á tún bá mi gbé e sórí ọkọ̀. Eléyìí tí mo wà nílé ẹ̀ báyìí, lọ́dún tó kọjá, àkùkọ ló fún mi lé e!" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣe é bí ẹni pé ẹ̀gbo há a lọ́fun. "Ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ kí ìgbà òjò dé. Àwọn fúnra wọn ló máa gbé kóńgò wá bá wa."

Ó pa fóònù. "Màmá, ẹ̀gbo yìí dùn o! Ṣé díẹ̀ ṣì kù?"

Mùnírù ò mira nísàlẹ̀. Òótọ́ ni. Àkùkọ pupa ni, òun fúnra òun ló so ó lẹ́sẹ̀. Òun gbé àpò tó gbẹ̀yìn lérí, òun sì dúró lójú títì tí òun ń juwọ́ sí ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Lóṣù karùn-ún, ìyá òun gbààwẹ̀. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ gbóná tó fi jẹ́ pé ó gbàgbé pé òun sá pamọ́.

Ó kọrí sí ẹnu ihò. Ìdí há. Ó tún tì, adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, apá kan jáde, orí jáde, funfun fún eruku, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì lè lọ iwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ kú jókòó," ló wí láti ilẹ̀.

Abọ́dúnrìn fò dìde, àwo ẹ̀gbo rẹ̀ sì yí gbirigbiri sílẹ̀. "Yéè! Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi? Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Toyibat fa apá kan, Mẹ̀dínátù fa ìkejì. Wọ́n fà á, ó jáde pọ́n-ún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú léra. Mùnírù dìde, ó fọwọ́ gbọn ojú.

"Mi ò tà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun lòun sọ ọ́. Ó wo ìyá rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò ta kín ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n máa bọ̀ ni?" Abọ́dúnrìn ti rẹ́rìn-ín, ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti fàràndá, ó ti di Mùnírù lọ́wọ́ mú. "Ó dáa, màá fi nǹkan lé e. Nítorí yín ni o, mi ò ṣe é fẹ́lòmíì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín."

Ó sọ ọ́ dídùn. Ó sọ ọ́ pẹ́. Mùnírù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó mọ bí ẹnu òun ṣe máa là fúnra rẹ̀ tó máa sọ pé kò burú. Ẹnu náà tiẹ̀ ti là. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Mẹ̀dínátù ò ṣẹ́jú sí i, kò mirí, kò ṣe nǹkankan, ó kàn ń wò ó. Ìyá Àgbà ti dáwọ́ dúró lórí ọ̀rúnkún. Ìyá náà ń wò ó pẹ̀lú, ó wò ó bí kò ṣe wò ó láti oṣù karùn-ún.

Mùnírù yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Abọ́dúnrìn. "Ẹ jẹ́ kí ìgbà òjò dé, ọ̀gá. Kí ẹ gbé kóńgò yín wá. A ó wọ̀n ọ́n fún yín."

Ojú Abọ́dúnrìn yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo ihò, ó wo fàràndá, ó wo àga tó jókòó lé, ó sì wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé padà lọ, kò sì kí ewúrẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé kún fún ayọ̀! Ìyá Àgbà dìde ijó, Ìyá Àgbà tí ọ̀rúnkún ń dùn ún láti àárọ̀, ó di ìdí mú, ó ń jó láìsí ìlù. Toyibat ń fi ohùn Abọ́dúnrìn pe "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi." Mùnírù jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Ó ń nu omijé, ó ń sọ pé, "Mo ní mi ò tà! Ẹ gbọ́ mi? Mo ní mi ò tà!" Mẹ̀dínátù ní àwọn gbọ́, ó ní kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá ló kù, kó tún padà sábẹ́ ilé.

Ariwo yìí ló mú Ọ̀ṣúnkẹ́mi wá. Ó rọra gba àlàfo ọgbà wọlé, ó fi ìborùn bo imú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì tí Toyibat ò tíì dé, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ó ti gbogbo ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu àgbàdo jáde, ó ju hóró kan sẹ́nu, ó fi eyín fọ́ ọ.

"Àgbàdo ni," ló wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lójú títì, ọkọ̀ náà ti gbéra. Láti ẹ̀gbẹ́ ilé, gbogbo wọn rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, àpò lórí àpò, àpò mẹ́rin Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló sì wà lókè téńté, torí tirẹ̀ ni wọ́n kó gbẹ̀yìn. Mẹ̀dínátù lè sọ pé òun ti sọ fún un. Kò sọ ọ́. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ẹ̀gbo tó dà sílẹ̀ jọ fún adìyẹ.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúró títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ̀rọ̀, ó tún dúró lẹ́yìn tó ti yà. Ó da àgbàdo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú kẹ́ẹ̀gì, kò jẹ́ kí hóró kan bọ́. Ó gba àlàfo ọgbà padà sílé.

Wọ́n gbọ́ tó ń lé ewúrẹ́. Mùnírù yọjú wò ó. Obìnrin náà ti ká ìró sókè, ó ti kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé tirẹ̀ láàárín ìkòkò omi méjèèjì, ó na apá gbọọrọ sínú òkùnkùn abẹ́ ibẹ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n bó ṣe jìn tó.